Ẹ̀rọ Tó Di Ẹnu fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń dún, kó pa á, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi etí kan gbọ́. Ṣebí láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń bú fóònù rẹ̀ pé ó pẹ́ kó tó tàn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé inú mi. Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ pẹ́ kó tó tàn. Ẹ ò tíì jókòó ti ẹ̀rọ rí, kí ẹ máa bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan péré. Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlógbò níbí ni, nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi, láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ apá ọ̀dọ̀ wa, tí iná ìjọba ń wá bí àlejò tí kò ní sùn, tí Ọyẹ́ ò tíì di ìlú yunifásítì. Nígbà yẹn, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nínú ilé kò pọ̀ tó ẹni tó ní mọ́tò.

Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sábíyá. Ojú rẹ̀ nìkan, mònítọ̀ tí à ń wí, ẹni méjì ló ń gbé e bí wọn ò bá fẹ́ kí ẹ̀yìn dùn wọ́n. Àpótí tí ọpọlọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kíbọọ̀dù tí à ń tẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àwọn ìyàwó ilé a rán aṣọ léèsì bò ó, wọn a tún fi ọ̀rá bo aṣọ náà, bí ẹni ń tọ́jú ìyàwó tuntun. Bí o bá tàn án, kì í dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀. Fáànù inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mí. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan á máa han nínú rẹ̀, gírí, gírí, bí eku tó rí àgbàdo gbígbẹ. Ìgbà náà ni yóò wá dún: pí. Ẹ̀ẹ̀kan. Pí kan yẹn ni àlàáfíà. Pí mẹ́ta, wàhálà ni. Bí kò bá wá dún rárá, ọ̀ràn dé nìyẹn. Mo ti darúgbó, etí mi ò gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa mọ́, àmọ́ bí nǹkan bá dún pí bẹ́ẹ̀ ní yàrá kejì, màá jí lójú oorun.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ẹ ń wo fọ́tò rẹ̀ lára ògiri yẹn, tíṣà ni. Ọ̀gá ilé ìwé ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, Tíṣà náà ni gbogbo ìlú sì ń pè é títí tó fi wọlẹ̀. Ohùn rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Bó bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ ní pápá, àwọn tó ń já kòkó lódì kejì odò ló máa ń fẹ́ dáhùn. Bó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ ṣàwàdà, àdúgbò ló ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ń múra oko, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ti ọ̀tún kọ̀ láti tẹ̀ lé e. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó, wọ́n tọ́jú rẹ̀, Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà délé, ọwọ́ ọ̀tún ti rọ, ohùn sì ti lọ. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Ó mọ gbogbo wa. Bó bá la ẹnu, ariwo kan ṣá ló ń jáde, ojú á tì í, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin tí kò sunkún lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa.

Mo fún un ní bírò. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni mí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, mo sì rò pé kò sí ìkọ̀wé tí n kò lè kà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ ọ́, ó dà bí ìgbà tí adìẹ bá rìn lórí èlùbọ́ tí wọ́n sá. Mo wá ń méfò: "Ṣé omi ni? Ṣé ooru ló ń mú yín?" Ó ju bírò náà sílẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹni tó kọ́ ìdajì ìlú yìí bí wọ́n ṣe ń kọ A, tí òun fúnra rẹ̀ ò wá lè kọ A. Ó dùn mí wọ egungun.

Délé, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó, ló ní bí bàbá òun ò bá lè kọ ọ́, ó lè tẹ̀ ẹ́. Ó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ránṣẹ́, ó wé e sínú fóòmù bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni di ẹyin. Èmi tó ti ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tipẹ́, èmi ni mo so okùn rẹ̀ pọ̀. Ó han, ó dún pí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbé kíbọọ̀dù sí iwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó títí. Ó na ìka òsì kan ṣoṣo, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀. A rò pé àdúrà ni, tàbí ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó parí, mo tẹ̀ síwájú, mo kà á sókè: "Ọbẹ̀ àná níyọ̀ jù."

Ìyá Délé, ìyàwó rẹ̀, kọ́kọ́ pariwo ẹ̀rín. Ó wá jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìró nu ojú. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ó tó oṣù mélòó kan, kò tíì gbọ́ ẹjọ́ ọbẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo kà á. Ó tún ní kí n kà á.

Kí ẹ mọ̀ pé Ìyá Délé ò kàwé. Oko ni wọ́n mú un lọ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé. Nítorí náà, ìdílé náà rí ọ̀nà kan gbà. Láàárọ̀, kí n tó jẹun nílé mi tó wà lẹ́yìn tiwọn yẹn, màá lọ jí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi á tẹ gbogbo ohun tó ti dì sínú láti alẹ́. Màá kà á sókè, ìyàwó á fèsì, òun náà á tún tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá pẹ́, Ìyá Délé á wá kan ìlẹ̀kùn mi. Àwa tí ó bá nílé ọkọ rẹ̀, kì í pe orúkọ wa. Akọ̀wé ló ń pè mí. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jí i fún wa. Bàbá Délé ní ọ̀rọ̀ nínú." Àwọn ará ilé tó bá ń kọjá lọ, bí wọ́n bá ti gbọ́ pí, wọn á ní, "Ẹ̀hẹn, Tíṣà ti tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe." Wọn á yà wá kí i.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń jí, iṣẹ́ ni. Ó ní bátìrì róbótó kan nínú tí kò níláárí mọ́, nítorí náà kò mọ ọjọ́. Gbogbo àárọ̀ ló ń sọ pé ọdún tí ó ti kọjá tipẹ́ la wà, tí yóò sì dúró kí a tẹ nǹkan kan kó tó lè máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi á máa mi èjìká, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n má tún bátìrì náà ṣe, pé ọdún tí ẹ̀rọ náà ń sọ yẹn, ara òun le nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ni Ràímì, ará Ìkọ̀lé. Ẹ ò mọ Ìkọ̀lé ìgbà yẹn. Ẹ̀gbẹ́ títì kan wà tó jẹ́ pé ìlù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń kí ọ káàbọ̀, kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ní òkú láti sin, wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró de ìwé ètò ìsìnkú. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, pásítọ̀ wà níbẹ̀, olójú kòkòrò tó ń wo ohun tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ náà wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níwájú gbogbo wọn. Lónìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan yín gbé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sápò, kò sí ẹni tó mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń kọ. Ó dára, ó yá, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n kò sí bẹ́ǹṣì mọ́.

Ràímì ò ní ẹnu dídùn. Ìgbà kìíní tí ẹ̀rọ kọ̀ láti jí, ó kàn kọ ọ̀rọ̀ funfun síwájú ojú rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Mo gbé àpótí náà lé itan lórí ọ̀kadà títí dé Ìfàkì, mo gbé e wọ takisí kọjá Ọyẹ́, mo dì í mú bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Nígbà tí mo dé Ìkọ̀lé, Ràímì tẹ bọ́tìnnì kan lára rẹ̀, ó fa dísíkẹ́ẹ̀tì kan, ike pẹlẹbẹ tí à ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sí, yọ lẹ́nu rẹ̀, ó nà án sí mi. "Bàbá, ó ń jẹun lọ́wọ́ ni ẹ ní kó sọ̀rọ̀. Ẹ máa gbé e lọ." Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi, ó sì kọ́ mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ tú u. Kí n wò ó, kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n tẹ́tí sí i. Ṣé iná dé ibẹ̀? Ṣé okùn kan ò tú? Ṣé nǹkan ò há a lẹ́nu? Bó bá dún pí mẹ́ta, iyè rẹ̀ ló ṣí kúrò, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ráàmù. Kí n yọ ọ́, kí n fi írésà ọmọ iléèwé nu eyín rẹ̀ tó pọ́n, kí n dá a padà kó ró kọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni ọ̀tá wa. Eruku pupa á wọ inú rẹ̀, fáànù á máa mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. Bí iná bá sì wá, tó wá tán tó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn, ẹ̀rọ á gbìyànjú kó dìde, á tún jókòó. Írésà kì í kúrò lápò mi. Àwọn ọmọ ìgbà náà á ní, "Ẹ wo bàbá tó ń fi írésà fọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu."

Ẹ rántí pé ilé tó ń bọ Ògún wà lágbo ilé wa. Lọ́jọ́ ọdún, gbogbo irin ló ń sinmi tí ó sì ń jẹ epo: àdá, ọkọ́, ìbọn, ẹ̀rọ ìránṣọ, títí dé ọ̀kadà. Bàbá àgbà tó ń ṣe é gbé awo epo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà. Ó wo àpótí náà, ó ní, "Tíṣà, ṣé irin ni èyí àbí kì í ṣe irin?" Mo mọ̀ pé bí epo bá wọ inú rẹ̀, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi rọra tẹ̀ ẹ́, mo kà á: "Irin ni, ṣùgbọ́n ó ti yó." Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó fi epo kan ìṣó tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wò ó, ẹ̀rọ yẹn gba ara rẹ̀ là lọ́jọ́ náà nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́, tí ẹni tó ni ín sì lè sọ̀rọ̀.

Òjò ló bà wá jẹ́. Òjò ọdún náà kò gbà pé ilẹ̀ tún ń gbẹ. Iyọ̀ yọ́ nínú ìgò, Bíbélì wú, ògiri ń làágùn. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láàárọ̀, yóò di ọ̀sán kó tó dún. Nígbà míì, alẹ́ á lẹ́ kó tó dún, ẹ̀gbọ́n mi á ti jókòó tì í láti òwúrọ̀, á máa wo ojú rẹ̀ tó ṣú. Mo ní kí Ràímì wá fúnra rẹ̀. Ó wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Òtútù ló mú un. Ẹ jẹ́ kó máa gbẹ."

Ìyá Délé dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. "Ọmọ mi, kó máa gbẹ lo wí?"

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, Màmá. Kí ọ̀rinrin má kàn án."

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gáàsì dáná, ẹ ò mọ àjà. Igi la tò lókè ibi ìdáná, níbi tí ooru àti èéfín ń bá lọ láti àárọ̀ dálẹ́. Ibẹ̀ ni àgbàdo tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ń wà, kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀gúsí ń wà, ẹja, ẹran ìgbẹ́, ẹ̀tù ìbọn nínú igbá tó ní ìdérí, kó má tutù, àmọ́ ìyẹn á jìnnà sí iná díẹ̀. Ohun tí ó bá ṣe iyebíye nínú ilé, tí òjò lè bà jẹ́, àjà ló ń lọ. Ìyá mi gbé ìwé ẹ̀rí iléèwé mi síbẹ̀ rí, ó sì wà láàyè dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọ́n bí ìgbín. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín bí ẹ ṣe ń gbọ́ ìyókù.

Mo lọ sìnkú ní Ọyẹ́, mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi, mo rí mònítọ̀, mo rí kíbọọ̀dù lórí itan rẹ̀, n kò rí àpótí. Mo ní, "Ìyá Délé, àpótí dà?" Inú rẹ̀ dùn, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìdáná. "Mo ti gbé e síbi tó dára, Akọ̀wé. Uná ò kú lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wò ó bó ṣe gbẹ."

Ó gbẹ lóòótọ́. Ó gbẹ, ó gbóná, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e lọ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo so ó mọ́ iná. Ó dún pí, pí, pí. Mo yọ ráàmù, mo fi írésà nù ún, dúdú ń bọ́ lára rẹ̀ bí àtíkè. Mo dá a padà. Kò dún mọ́. N kò ní jẹ́ kí ẹ máa retí ohun tí kò wáyé: láti ọjọ́ náà, kò dún mọ́.

Ràímì ṣí i, ó wo inú rẹ̀. "Ta ló yan kọ̀ǹpútà lẹ́ja?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá rí ojú mi. Ó fi ọtí ìpakòkòrò àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, iná rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n kò fọhùn. Ó ní pátákó ńlá inú rẹ̀ ló lọ, a nílò òmíràn tó bá a mu. Kò sí ní Ìkọ̀lé. Mo wá a dé Ọyẹ́, dé Ìfàkì, dé Ìdó. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà tó ti kú, mo ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀. Bí mo bá ti wọlé lálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á gbójú sókè, á wo ọwọ́ mi bóyá mo mú nǹkan dání.

Ilé wa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá burú. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, tó lọ́kọ sí Ìgbólé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìgbólé, ó gbọ́, ó sì wá. Obìnrin líle ni, ìfẹ́ àbúrò rẹ̀ sì wà nínú líle náà. Ó jókòó sí àárín ilé, ó ní, "Ta ló wà láyé tí kò mọ̀ pé èéfín ń ba nǹkan jẹ́? Ó ti sú u ni. Ọkọ tó dákẹ́ rọrùn ún tọ́jú ju ọkọ tó ń bèèrè ọbẹ̀ lọ."

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Wọ́n ní kó jẹ́ kó gbẹ ni, ó sì jẹ́ kó gbẹ."

"Dákẹ́, wọ́n bí mi ṣáájú rẹ. Ìwọ náà ń jẹ nínú ọbẹ̀ rẹ̀."

Ìyá Délé wà nílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tó lè gbà á sílẹ̀ jókòó sórí àga, ẹnu rẹ̀ sì ti kú sínú àpótí. Ìyá Ìgbólé yíjú sí i: "Àbúrò mi, ṣé o máa bá mi lọ sí Ìgbólé, kí n lè máa tọ́jú rẹ?" Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ìyá Ìgbólé ní orí náà ti ń mì láti ìgbà tí àìsàn ti dé, òun ò lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Ó ní lọ́jọ́ ọjà wọn tó ń bọ̀, òun á gbé takisí wá, òun á mú un lọ. Bí wọ́n bá mú un lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó tí wọ́n gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìkà, níbo ló tún fẹ́ gbé ojú sí ní ìlú yìí? Kò jẹun mọ́. Ó ń gún uyán fún ọkọ, ó ń fi bọ́ ọ lẹ́nu, òun ò sì ní fẹnu kan án.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Tíṣà ti ń ṣe ségesège, pé gbogbo ọjọ́ ló ń tẹ kíbọọ̀dù tí kò ní ẹ̀mí. Òótọ́ ni, ó ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá wà nílé, mo máa ń wo mònítọ̀, mo máa ń wo inú àpótí. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá. Àmọ́ ta ló mọ èwo ni ẹ̀tẹ̀ nínú méjèèjì?

Ọjọ́ ọjà pé. Mo ti gbọ́ pé ẹnì kan ní pátákó náà ní Adó. Mo di àpótí sínú àpò ìrẹsì láàárọ̀, mo pe ọlọ́kadà, mo ń gbàdúrà pé kí n lọ kí n bọ̀ kí takisí tó dé, kí ẹ̀gbọ́n mi lè sọ tẹnu rẹ̀. Kí n tó gun ọ̀kadà ni mo gbọ́ ariwo mọ́tò. Ìyá Ìgbólé sọ̀kalẹ̀, ó kí mi, ó wọlé tààrà, ó ń kó aṣọ àbúrò rẹ̀ sínú báàgì. Ìyá Délé ò bá a jà. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, ó di àpò ìrẹsì náà mú.

"Akọ̀wé, ẹ dúró. Ẹ wá wo ìka rẹ̀."

"Kí ló ṣe ìka rẹ̀? Jẹ́ kí n máa lọ, àsìkò ò sí."

"Mo rò pé ó kàn ń fi ṣeré ni. Àmọ́ ibì kan náà ló ń lọ. Ìparí apá òsì, yóò wá sí ìsàlẹ̀ láàárín, yóò gòkè lápá ọ̀tún, yóò sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ibẹ̀ gan-an, yóò wá padà sókè lápá òsì. Ó tó ọjọ́ mélòó kan, kò yí i padà. Ṣé ẹni tó ń ṣeré máa ń ṣe báyẹn?"

Mo gbé àpò náà sílẹ̀. Mo wọlé, mo tẹ orí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti kú, n kò wo ojú ẹ̀rọ tó ṣú. Ìka ni mo wò. Ó na ìka kan ṣoṣo yẹn, ó tẹ A. Ó lọ sí ìsàlẹ̀, ó tẹ B. Ó gòkè, ó tẹ I. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tẹ K. Ó padà sókè, ó tẹ E. Ó sinmi díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Àbíkẹ́. Oríkì Ìyá Délé ni, èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń fi pè é nínú ilé wa.

Ìyá Ìgbólé rí i pé ojú mi yí padà, ó gbé báàgì dání, ó wá. Ó mọ Bíbélì kà, bó tilẹ̀ ń fi ìka tẹ̀ lé e. "Kí ni?" Mo ní kó wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè wò ó, ó sì tún un tẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí tíṣà ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó fún ọmọ tó lórí líle. Ìyá Ìgbólé ń kà á lábẹ́ ètè. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún awakọ̀ pé, "Máa lọ, ọmọ mi. A ò lọ mọ́."

Ìyá Délé ò mọ ohun tí a rí. Ó dúró láàárín yàrá, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. "Akọ̀wé, kí ló ń sọ? Ṣé inú ló ń bí i sí mi?"

Mo ní, "Ìwọ ló ń pè. Láti gbogbo ọjọ́ yìí, Àbíkẹ́ ló ń pè."

Ó wò mí, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá Délé. Mo gbọ́." Ẹ̀gbọ́n mi tún un tẹ̀, Ìyá Délé tún dáhùn. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dáhùn, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dáhùn, títí tí oòrùn fi yí lójú fèrèsé. Gbogbo èyí tí ọkọ rẹ̀ ti pè é tí kò gbọ́ ló fẹ́ dáhùn.